Sí Alága Wa, Tó Pe Sikéèlì Lólè

Ẹ̀gbọ́n mi, Alága àwa onílé ní Ifọ̀,

Ẹ kú ìrora itan, ẹ kú àtigòkè, ẹ kú àtisọ̀. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí àbúrò kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n lójú ayé, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wa, tí ajá yín sì mọ̀ mí débi pé kì í gbó mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Ìpàdé Sátidé tó kọjá, tó yẹ ká fi sọ̀rọ̀ tiransifọ́mà àti owó ọlọ́dẹ, ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú rojọ́ ọmọ tó ń gbé sikéèlì kalẹ̀ ní gáréèjì. Ẹ ní ó ti yí i, pé ó ń fi kílò kún kílò. Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá ti wọ ìwé ìpàdé, ti gbogbo wa ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tó ti ń jà mí lọ́kàn látọjọ́ yẹn. A mọ oníjìbìtì nílùú yìí. A mọ ẹni tó ń lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà kún un. A mọ ẹni tó ń tún mítà epo bẹntiróò ṣe lóru. Gbogbo wọn, ńṣe ni wọ́n ń já nǹkan kù. Oníjìbìtì wo lẹ ti rí rí tó ń bu ènì fún oníbàárà, tí kò sì gba kọ́bọ̀ lé e?

Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Dókítà ní kí ẹ dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sì gbọ́, èyí tó ya Màmá ilé yín gan-an lẹ́nu. Mọ́ńdè àkọ́kọ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ẹ yọ sí mi pẹ̀lú bàtà funfun tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, tí bébà iye owó rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. A gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́, a rìn títí, a yí padà. Wákàtí kan gbáko. Ká má parọ́, ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀, ìkíni ni: Alága ò lè rí ìyá ológì kó má bi í léèrè gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé gáréèjì, ẹ gun sikéèlì. Kílò 94. Ẹ fún ọmọ náà ní ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ tún fún un ní òmíràn, ẹ ní kó fi ra bisikíìtì.

Fúráìdè, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ìrìn, ẹ tún gùn ún. Kílò 95. Ẹ wo ọmọ náà bí ẹni tó já yín lápò. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ ṣí fìlà. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti géètì àdúgbò, àti kọ́kọ́rọ́ kan tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ ohun tó ń ṣí. Ẹ kó fóònù méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Sikéèlì ò mira.

Ẹ ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin ti tẹ́jú jù fún ọmọ Ẹ̀gbá. Nígbà tó di Sátidé, ẹ kó wa lọ sí Abẹ́òkúta, a lọ gun Olúmọ. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀, ẹ ní ti àwọn ará Èkó nìyẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ gùn ún, ẹ dúró lókè, ẹ na ìka sí odò Ògùn bí ẹni tó ni ín, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Fọ́tò ò dáa, ẹ tún gùn ún, ẹ tún sọ̀. Ẹ rántí lẹ́ẹ̀mejì yẹn o, a óò padà sí i.

Sọ́ńdè, ẹ jó dé ojú pẹpẹ. Mọ́ńdè ni mo rí yín níbi tí ẹ ti fẹ́ bọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ti Ṣàngó dé. Ẹ kẹ́yìn sí ìta, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, ẹ ń wá ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ bí adẹ́mu tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ lálẹ́. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo, “Bàbá, ẹsẹ̀ òsì ni o! Ẹsẹ̀ òsì!” Ẹ ní kó fún yín ní èyí tó bá wà nílẹ̀ níbẹ̀, pé ẹ ò mọ èyí tó jẹ́ òsì mọ́. Èmi ni mo gba báàgì yín. Ojú mi kọjú sí ibòmíràn, torí pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Lọ́jọ́ kejì, Túsìdè, kílò 96. Ẹ bi ọmọ ọlọ́mọ pé ta ló rán an sí yín. Ẹ kọ̀, ẹ ò san owó. Kílò méjì láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, pẹ̀lú gbogbo òógùn yẹn!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò owó àdúgbò. Kílò ọ̀rá kan lára èèyàn tó nǹkan bí kálórì 7,700. Kílò méjì, 15,400. Gàrí gbígbẹ, 100 gíráàmù rẹ̀ tó nǹkan bí kálórì 360. Tí kílò méjì yẹn bá jẹ́ ọ̀rá lóòótọ́, á jẹ́ pé ẹ ti jẹ gàrí tó lé ní kílò mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, lórí gbogbo oúnjẹ tí ara yín ń lò tẹ́lẹ̀, ká tiẹ̀ má tíì sọ èyí tí ìrìn jó dànù. Ìyẹn ni pé lójoojúmọ́, tí ẹ bá ti jẹun tán, tí ẹ ti fọ ọwọ́, ẹ tún jókòó ti òkè ẹ̀bà kan tó wúwo ju kílò kan lọ. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ yín nídìí oúnjẹ, mi ò sì ní bú yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ṣe é. Màmá tó ń fi ṣíbí wọn ẹ̀bà fún yín báyìí á ti gbọ́ sí i.

Omi ni, Alága. Omi lásán.

Ẹ rántí kànga ilé bàbá yín. Fífa korobá sókè le, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti sọ korobá tó kún kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ rí? Okùn ń lọ, ẹ ń dì í mú, ó ń bó yín láàtẹ́lẹwọ́. Ohun tí itan yín ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Olúmọ lẹ́ẹ̀mejì. Gígun òkè ló ń mú èèyàn mí hẹlẹ, sísọ̀ ló ń dá iṣan lóró, torí pé ńṣe ni iṣan itan ń nà, tó sì tún ń fà lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ má baà já bọ́. Àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín inú rẹ̀ á ya. Kì í ṣe àìsàn. Ara á tún un ṣe, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé mọ̀ pé bíríkìlà kì í ṣiṣẹ́ láìsí omi. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ síbẹ̀, omi á jò láti inú rẹ̀ wọ inú ẹran itan, ibẹ̀ á wú díẹ̀, á sì máa ro. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni ìrora rẹ̀ máa ń le jù, ìdí nìyẹn tí ẹ fi jẹ́ oníjó ní Sọ́ńdè, tí ẹ wá di adẹ́mu ní Mọ́ńdè. Omi náà sì lè pẹ́ níbẹ̀ ju ìrora lọ.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ kí a tó lọ sí Abẹ́òkúta ńkọ́, ti Fúráìdè? Ẹ bu gàrí ife kan sínú abọ́, ẹ bu omi lé e, ẹ lọ pe ìpè kan lórí fóònù, kí ẹ padà wá wò ó. Bí ara ṣe ń tọ́jú ṣúgà sínú iṣan nìyẹn. Àwọn dókítà ń pè é ní glycogen. Ara kì í kó o pa mọ́ ní gbígbẹ: gíráàmù kan rẹ̀ ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mú. Iṣan àgbàlagbà lè kó nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù rẹ̀ pa mọ́, tí èèyàn bá sì ti ń fi ara ṣiṣẹ́, iṣan á kọ́ bí yóò ṣe kó sí i, bí ìyàwó ilé tó gbọ́ pé owó gàrí fẹ́ gbẹ́nu sókè. Ká ní tiyín fi 200 gíráàmù péré kún un. Omi 600 gíráàmù á tẹ̀lé e. Ó ku díẹ̀ kó pé kílò kan, kò sì sí ọ̀rá kankan níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ yín náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lójoojúmọ́ nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, kíndìnrín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di iyọ̀ àti omi mú, kí omi inú ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i, kí ọkàn lè rí nǹkan fà. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan ló ń ṣe é. Àwọn àgbà ní omi lènìyàn, bó bá ṣàn síwájú, á ṣàn sẹ́yìn. Ìwà ọmọ aráyé ni wọ́n fi ń bá wí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì ìwúwo ọkùnrin àgbàlagbà lọ tó jẹ́ omi, sikéèlì ò sì ní ojú tí yóò fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn yín.

Mi ò sọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́n jù yín lọ. Lọ́dún tó kọjá, oṣù mẹ́rin ni sikéèlì tèmi fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tiẹ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀, bí ẹni pé ó lè máa wọ̀n mí láti ibẹ̀.

Ti tíì lèmi ò lè dárí jì yín. Wẹ́sìdè yẹn, nínú ọkọ̀, ẹni kan dìde pẹ̀lú báàgì gàgàrà, ó gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà, ó kọrin, ó wá yọ páálí tíì jáde. Ó ní ó ń yọ ọ̀rá, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń la ojú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá oníkóńgò jà lórí ẹ̀kúnwọ́ gàrí, ẹ ò bèèrè ìbéèrè kan. Ẹ ra páálí méjì. Ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, ewé senna ló ń ṣiṣẹ́ inú rẹ̀, ìbátan asùnwọ̀n tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ikùn wa nígbà tí a bá ti jẹ máńgòrò jù. Ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìfun kékeré tó wà lókè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára oúnjẹ tán kí tíì tó dé ibẹ̀. Ó dé ọjà nígbà tí ọjà ti tú. Omi àti ìgbẹ́ ló rí kó jáde, pẹ̀lú àwọn iyọ̀ tí ọkàn èèyàn nílò kó lè máa lù déédéé, èyí tí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Gbogbo wa la gbọ́ bí ẹ ṣe lo Tọ́sìdè. Gẹnẹrétọ̀ yín ò dákẹ́ lóru ọjọ́ yẹn, torí pé ẹ̀rọ ń fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Fúráìdè ẹ dé gáréèjì, ojú yín ti jìn. Kílò 93 ààbọ̀. Alága, ẹ gbá ọmọ yẹn mọ́ra! Ẹ ní ọmọ ọlọ́jọ́ iwájú ni. Sikéèlì tó jẹ́ olè ní Túsìdè ti di ẹlẹ́rìí òtítọ́ ní Fúráìdè, irin kan náà, orí kọnkéré kan náà. Níbẹ̀ ni mo ti bá yín wí jù nínú ọkàn mi. Omi ló wọlé ní Túsìdè, ẹ pariwo olè. Omi ló jáde ní Fúráìdè, ẹ ṣe ìdúpẹ́. Ọ̀rá yín ò mọ nǹkan kan sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìdí kan náà ló fà á tí ẹni tó bá pa ẹ̀bà tì fún ọ̀sẹ̀ kan fi máa ń rí kílò méjì bọ́ sílẹ̀ kíákíá, tí á máa jẹ́rìí kiri, tí àwo àmàlà kan á sì dá a padà síbi tó wà. Ṣúgà inú iṣan ló lò tán, omi rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí ṣúgà padà, omi rẹ̀ náà padà.

Sọ́ńdè, ẹ lọ síbi òde ní Mówè. Ẹ gba Pápáláńtò já sí ọ̀nà Ṣágámù kí ẹ lè yẹra fún gosíló Ìbàfò, èyí tí mo gbóríyìn fún yín lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ ò yẹra fún ìrẹsì. Ìlú Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mówè, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sè níbẹ̀: ewé ṣì ń gbóná, ọbẹ̀ ata dúdú, irú, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹyin. Màmá ní ẹ tú ewé kẹta. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló kàn mí níbẹ̀ jù. Àjọ elétò ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má pé gíráàmù 5 lójúmọ́, nǹkan bí ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, Magí àti iyọ̀ inú irú sì wà nínú ìṣirò. Ẹ wo omi dírípù oníyọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ni lọ́wọ́ ní ọsibítù: gíráàmù 9 ni iyọ̀ inú lítà kan, kó lè bá omi ara mu. Iyọ̀ tó bá wọlé ní àwíjù, òùngbẹ á gbẹ yín títí ẹ ó fi mu omi tó bá a mu, ara á sì dì í mú títí kíndìnrín á fi rí àyè tọ̀ ọ́ dànù. Lítà omi kan, kílò kan. Ta ni yóò wá yà lẹ́nu pé ẹ wọn 95 ààbọ̀ ní Mọ́ńdè?

Mọ́ńdè yẹn lẹ bọ́ bàtà funfun fún ọlọ́dẹ, tí ẹ sì sinmi ilé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe àwàdà. Omi ti ń tan ojú jẹ ṣáájú wa. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gá ń pe àrùn náà sínú ìwé: kwashiorkor. Ọmọ náà ti rù tán lábẹ́, omi ló bo egungun rẹ̀. Ẹ dàgbà tó láti rántí àwòrán irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Nítorí náà, mi ò sọ pé gbogbo wíwú ló jẹ́ ti eré ìdárayá. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun yín, tí ibẹ̀ sì jin kòtò tí kò tètè dìde, tí ẹ ò bá lè mí dáadáa nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn eré ìdárayá tó le, ilé ìwòsàn ni o, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ mi. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tiẹ̀ wà tó máa ń mú kókósẹ̀ wú. Dókítà tó kọ ọ́ ló lè yí i padà, kì í ṣe ẹni inú bọ́ọ̀sì.

Ní ti tiyín, mo ní ẹ̀rí, gbogbo ilé ìpàdé ló sì rí i. Bí ẹ ṣe ń rojọ́ pé ọmọ yẹn ń fi kílò kún yín, bẹ́ẹ̀ lẹ ń fa ṣòkòtò sókè. Mo kà á. Ìgbà mọ́kànlá. Nígbà tí ẹ na ọwọ́ pé “ẹ wò mí, ẹ wò mí dáadáa”, díẹ̀ ló kù kí a wò yín jù bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Bẹ́líìtì yẹn, ihò tó kẹ́yìn níta lẹ ń lò láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, ó sì ti ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ fà á sí ihò tó kàn nínú.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ máa gun sikéèlì, ẹ gùn ún ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán, kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni títí oṣù á fi pé. Iye ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ fi wé iye ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí Túsìdè àti Fúráìdè fi ara wọn sílẹ̀.

Mo dúró lọ́dọ̀ ọmọ gáréèjì lánàá. Ó ní kí n kí yín, pé ọgọ́rùn-ún náírà yín ti Túsìdè ṣì wà nílẹ̀, àti pé òun ò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá itan yín ti san. Mo bá yín san án. Mo gba bàtà funfun lọ́wọ́ ọlọ́dẹ náà, mo fún un ní kanfásì mi tó ṣì dára, ó sì yọ̀, torí pé tiyín ti ń há a lẹ́sẹ̀. Bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ti yọ bébà iye owó rẹ̀ kúrò. Mọ́ńdè, aago mẹ́fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹ mú ọgọ́rùn-ún náírà mi dání.

Èmi àbúrò yín, ilé kẹta sí tiyín.